Ẹ má fi ìyá tó sá jáde nínú ẹ̀rọ MRI ṣe yẹ̀yẹ́ lójú mi

Fọ́ìsì kan tí wọ́n jù sórí WhatsApp ẹgbẹ́ aránṣọ wa láàárọ̀ yìí ló bà mí nínú jẹ́ tí mo fi gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ ti gbọ́ ọ. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìyá kan láti apá Ìjẹ̀rù tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbé lọ yàwòrán orí nínú MRI, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara. Ìyá kò pẹ́ nínú ẹ̀rọ tó fi figbe ta, ó fọwọ́ fa ohun tí wọ́n dé e lórí, ó sì sá jáde. Owó ti wọlé, wọn ò dá a padà, àwòrán ò sì sí. Ẹ̀rín ló kún inú fọ́ìsì yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹnìkan tiẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ kì í sá fún ẹ̀rọ, pé ìyá náà mọ ohun tó wà lára òun.

Ẹ dákun, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi tí mò ń kọ èyí ti sùn sínú ẹ̀rọ yẹn, díẹ̀ ló sì kù kí èmi náà sá.

Ẹ̀yin oníbàárà mi mọ̀ pé lọ́dún tó kọjá, apá mi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri. Màá di sáàsì mú, màá máa gé aṣọ lọ, kí n tó mọ̀, sáàsì ti bọ́ sílẹ̀. Dókítà ní ó jọ pé láti ọrùn ni, nítorí bí mo ṣe ń dorí kọ mẹ́sìnnì láti ogún ọdún sẹ́yìn. Ó kọ ọ́ sórí bébà pé kí n lọ ṣe MRI ọrùn. Ohun tí mo gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí wọ́n fi tì mí wọnú rẹ̀.

Ìbàdàn la ti ṣe é. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin kúrò n'Ògbómọ̀ṣọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà wa sí Ọ̀yọ́ kò nílò kí n ṣàlàyé ohun tí ọrùn tó ń dunni fojú rí láàárín kòtò àti tírélà. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù olóyìnbó, wọ́n ní kí n máa máàkì "no". Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò ní irin lára?" Mo ní rárá. Ó ní kí n bọ́ yẹtí, òrùka àti aago. Ó fún mi ní ẹ̀wù wọn, ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ọrùn ni, síkẹ́ẹ̀tì mi lè wà nídìí mi. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo ti ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí obìnrin kan tó ń nu ilẹ̀ pè mí. "Àǹtí mi, ẹ má bínú, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?" Mo ní aránṣọ ni mí. Ó ní, "Ẹ tú ìdí aṣọ yín wò dáadáa kẹ́ ẹ tó wọlé."

Mo tú u. Píìnì méjì ló wà nínú ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì náà. Àìsàn ti jẹ́ kí n rù, aṣọ ń jábọ́ nídìí mi, mo fi wọ́n gbá a mú lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo sì gbàgbé. Nígbà tí wọ́n bi mí ní irin, irin gan-an ni mo rò: ọ̀bẹ, kọ́kọ́rọ́, owó wẹ́wẹ́. Aránṣọ wo ló ń ka píìnì sí irin? Ara wa ni.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní òòfà kékeré kan, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi mọ̀ ọ́n. Bí a bá ń palẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́, mo máa ń fi í rìn lórí ilẹ̀, gbogbo abẹ́rẹ́ tó bọ́ á fò mọ́ ọn. Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ máa ń gbà fò yẹn ló wá sí mi lọ́kàn níbi tí mo dúró sí. Òòfà ni MRI. Èyí tí wọ́n fi ń yàwòrán nílé ìwòsàn ńlá máa ń lágbára ju òòfà ilẹ̀ ayé tó ń darí kọ́ńpáàsì lọ ní ìlọ́po ọ̀nà 30,000, òòfà náà kì í sì í sinmi. Bí ẹ̀rọ dákẹ́, tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀, ó ń fà. Ẹ rántí ọkùnrin tí wọ́n gbé ìròyìn rẹ̀ kiri ní oṣù keje ọdún 2025, ní ìpínlẹ̀ New York, tó wọ yàrá náà pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n irin ńlá lọ́rùn. Ẹ̀rọ fà á mọ́ra, ó sì kú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, ṣé "ẹ ò ní irin lára?" tó? Ẹlòmíràn ní ońdè tàbí ìfúnpá tí kò ní fẹ́ dárúkọ níwájú èrò. Ẹlòmíràn ti gbàgbé irin tí wọ́n fi to egungun itan rẹ̀ nígbà tí ọ̀kadà gbá a. Ìyá àgbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn kò ní pe ìyẹn ní irin. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn, ẹ bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ bi wọ́n ní kọ̀rọ̀.

Wọ́n ní kí n sùn sórí pátákó. Wọ́n fi fóòmù dí mi létí. Wọ́n gbé nǹkan kan dé orí àti ọrùn mi, ó rí gẹ́lẹ́ bí àgò tí a fi ń dé adìẹ, ó sì há mọ́ mi lójú. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fi róbà kan sí mi lọ́wọ́, èyí tó jọ róbà tí nọ́ọ̀sì ń tẹ̀ bí wọ́n bá ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ó ní, "Ẹ dì í mú." Ó ní, "Ẹ má mira o." Pátákó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Mo la ojú. Ohun tó wà lókè mi kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí imú mi. Pósí ni mo rò, mi ò ní purọ́. Mo rántí ọjọ́ tí a tẹ́ bàbá mi. Èémí ara mi ń gbóná padà sí mi lójú, mo sì fún róbà yẹn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹyin, nítorí mo rò pé bí mo bá tẹ̀ ẹ́ jù, màá ba àwòrán jẹ́.

Ariwo wá dé. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé ariwo ń bọ̀. Èkíní ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ó dákẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, gbà-gbà-gbà-gbà, bí ìgbà tí wọ́n fi òòlù lu páànù lórí ẹni, pátákó sì ń gbọ̀n lẹ́yìn mi. Mo gbà pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ pẹ̀lú mi nínú rẹ̀. Mo gbé itọ́ mì, mo tún gbé e mì. Ohùn kan dún lókè pé, "Mọ́mì, ẹ ń mira, a máa tún èyí ṣe o." Itọ́ tí mo gbé mì ni. Tó bá jẹ́ ọrùn ni wọ́n ń yà, itọ́ gbígbémì lè ba àwòrán jẹ́. Ta ló sọ ọ́ fún mi?

Ohun tó gbà mí ni bùbá. Mo di ojú, mo mú lésì ọ̀pá méjì, mo ṣẹ́ ẹ po, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, mo gé e. Mo ran èjìká, mo so apá mọ́ ọn, mo pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dé, mo wífù gbogbo etí rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ni mò ń pa lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́ pátápátá. Ogójì ìṣẹ́jú ni àbúrò mi ní mo lò.

Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀, mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé kí ni iṣẹ́ róbà. Ó ní, "Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ fi pè wá bí nǹkan bá ṣe yín." Ọlọ́run rí mi, omijé ló bọ́ lójú mi. Mo di aago ìpè mú fún ogójì ìṣẹ́jú, mi ò mọ̀ pé òun ni!

Mo padà sílé, mo ní kí ọmọ mi kà nípa rẹ̀ fún mi lórí fóònù. Wáyà tó wà nínú òòfà náà ni wọ́n ń tan iná sí tí wọ́n ń pa á kíákíá, òun ló ń gbọ̀n tó ń pariwo. MRI kì í ṣe iná X-ray tí àwọn kan ní ó ń jó ènìyàn nínú. Ara wa kún fún omi. Òòfà á mú ohun tó wà nínú omi yẹn tò, wọ́n á fi ìgbì irú ti rédíò pè é, á dáhùn, kọ̀ǹpútà á sì fi ìdáhùn rẹ̀ ya àwòrán. Ní ọdún 1977 tí wọ́n kọ́kọ́ fi ya gbogbo àyà ènìyàn ní Amẹ́ríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 5 tí ẹni náà fi jókòó nínú rẹ̀. Ká ní mo mọ ìyẹn nìkan, ogójì ìṣẹ́jú ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Àwòrán sì ràn mí lọ́wọ́: tìmùtìmù tó wà láàárín egungun ọrùn ló yẹ̀, tó tẹ iṣan apá mi. Wọ́n ti tọ́jú rẹ̀, mo ti ń gé aṣọ.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn máa sọ pé èrò pọ̀ nílé ìwòsàn, òṣìṣẹ́ ò tó. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ náà níṣẹ́ lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú kan péré ni ó lò lórí mi.

Ohun tí mo sọ nìyẹn láti àárọ̀, tí mo ti tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, kí n tó rántí Màmá Tákié, ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Lóṣù méjì sẹ́yìn, wọ́n ní kí Màmá lọ ya orí, torí ojú tó ń ṣú u àti ẹ̀fọ́rí. Mo lọ jókòó tì wọ́n, mo ní kí ojú wọn má bàa rí ohun tí tèmi rí. Mo sọ gbogbo rẹ̀: àgò, ariwo, píìnì, bó ṣe há, àti pósí tí mo rò. Màmá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Mi ò ní í wọ pósí nígbà tí mo ṣì wà láàyè." Títí di òní, wọn ò lọ. Ẹ̀fọ́rí náà ò lọ.

Ṣé ká ní mo dákẹ́, wọn ì bá ti wọlé? Tàbí wọn ì bá sá jáde bíi ti ìyá Ìjẹ̀rù, kí ẹ máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín lórí WhatsApp? Àbí ọ̀rọ̀ pósí yẹn nìkan ni kò yẹ kó ti ẹnu mi jáde? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí mi, mi ò fẹ́ parọ́ fún àgbàlagbà.

Màá tún lọ sí Tákié lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Mi ò tíì mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.