Ẹ̀yìn tó ń roni, ìdùbúlẹ̀ kọ́ ni oògùn rẹ̀

"Ẹ lọ dùbúlẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan." Ohun tí gbogbo wa sọ fún màmá mi nìyẹn, lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ gbé garawa omi tí ìrora sì gbá wọn mú lẹ́yìn. A tẹ́ ẹní fún wọn nílẹ̀ẹ́lẹ̀, nítorí àwọn èèyàn ní ilẹ̀ líle ló ń na ẹ̀yìn. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n lò níbẹ̀. Lọ́jọ́ keje, kí wọ́n tó lè dìde lọ tọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á fi ìgbọ̀nwọ́ tilẹ̀, wọ́n á di ẹsẹ̀ àga mú, wọ́n á mí kanlẹ̀, kí wọ́n tó gbé orúnkún kan. Ìfẹ́ ló mú wa ṣe é, àmọ́ ìyà la fi jẹ wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pa àṣà yìí tì. Ní Helsinki, olú-ìlú Finland, àwọn olùwádìí kó òṣìṣẹ́ ìlú 186 jọ, tí ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ro. Wọ́n ní kí àwọn kan dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí àwọn kan máa ṣe eré ìdárayá ẹ̀yìn, kí àwọn tó kù máa bá iṣẹ́ òòjọ́ wọn lọ níwọ̀n tí ara wọn bá gbé e. Nígbà tí àbájáde jáde lọ́dún 1995, àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí ló yára gbádùn jù. Àwọn tó dùbúlẹ̀ ló pẹ́ jù. Ọjọ́ méjì péré o! Màmá mi lo méje.

Iṣan tí a kò lò ń dẹ̀, oríkèé tí a kò ṣẹ́ ń gan. Ìbẹ̀rù náà ń dá kún un: ẹni tó bá gbà pé ẹ̀yìn òun ti bàjẹ́ á máa rìn bí ẹni tó ru ẹyin, gbogbo ara rẹ̀ á le.

Ilẹ̀ líle ńkọ́? Ní Spéìn, àwọn èèyàn 313 tí ẹ̀yìn ti ń ro tipẹ́ sùn fún 90 ọjọ́, àwọn kan lórí fóòmù líle, àwọn kan lórí èyí tí kò le jù. Àwọn ti fóòmù tí kò le jù lara wọn yá jù. Fóòmù ni wọ́n fi dán an wò, kì í ṣe ilẹ̀, àmọ́ ṣebí líle náà la ṣe ń yin ilẹ̀.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Australia, lọ́dún 2024: èèyàn 701 tí ẹ̀yìn ríro ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn kan bí wọ́n ṣe máa rìn díẹ̀díẹ̀, títí dé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọjọ́ 208 kí ìrora tó ń dá iṣẹ́ dúró tó padà bá wọn. Àwọn tí wọn ò kọ́, ọjọ́ 112 ni. Ìrìn lásán, tí a kì í rà lọ́jà!

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè dá ìtọ̀ dúró mọ́, tí abẹ́ rẹ̀ tàbí inú itan rẹ̀ kú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ, tó ṣubú láti òkè, tí ibà mú, tàbí tó ń rù láìnídìí, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Màmá mi ò sùn lórí ẹní mọ́. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti rìn dé ọ̀dọ̀ ọlọ́gì, wọ́n sì ti padà dé. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹnu géètì ni wọ́n ti ń yí padà.