Ẹ̀jẹ̀ Kan Náà Tó Fún Àyẹ̀wò Méjèèjì

Ìwé pélébé kan ni wọ́n ń nà sí ẹni tó wá ṣe àyẹ̀wò àrùn mẹ́dọ̀wú C, "positive" ni wọ́n kọ sí i. Ẹni tó gbà á á ká a sínú àpò, á ní òun ń padà bọ̀ wá ṣe àyẹ̀wò kejì. Kó tó délé, ó ti ń rò ó pé kóun ya ife òun sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé àrùn yìí, kì í ṣe ife. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í padà wá.

Mẹ́dọ̀wú C yìí ni àwọn dókítà ń pè ní hepatitis C. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣe fún un, ipasẹ̀ ẹran ló ń rí, kò rí ẹran. Èròjà tí ara fi bá kòkòrò náà jà ló ń wá, èròjà yẹn sì lè wà lára fún ọdún gbọọrọ lẹ́yìn tí kòkòrò ti lọ. Nínú ènìyàn 10 tó kó o, ara nǹkan bíi 3 ń lé e dànù láàárín oṣù 6, láìlo oògùn kankan. Àyẹ̀wò RNA, tó ń wá kòkòrò fúnra rẹ̀, ló ń sọ ẹni tó ṣì ní in. Ẹni tí a fún ní ìwé àkọ́kọ́ tí a sì ní kó máa lọ, a ti dẹ́rù bà á, a ò tíì sọ ohun tó ń ṣe é.

Èrò tiwa ni pé kí wọ́n yé dá àwọn ènìyàn padà sílé nítorí àyẹ̀wò kejì. Ẹ̀jẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fà láàárọ̀ ṣì wà nínú ìgò. Kí wọ́n fi ṣe é. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dá a lábàá, ó sì ti sọ ọ́ ní 2022 pé dókítà tí kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀dọ̀, àti nọ́ọ̀sì pàápàá, lè fún ènìyàn ní oògùn rẹ̀. Kí ni a wá ń to ìlà sí ẹnu ọ̀nà ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣoṣo fún?

Iṣẹ́ tó kù kì í ṣe òkè ìṣòro. Kí wọ́n wo bí àpá ṣe pọ̀ tó lára ẹ̀dọ̀. Kí wọ́n yẹ mẹ́dọ̀wú B wò pẹ̀lú, nítorí oògùn C lè jí B tó ń sùn dìde; èyí kò ṣeé fò rárá. Lẹ́yìn náà ló kan oògùn oníhóró, ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, tó ń wo ènìyàn tó ju 95 lọ sàn nínú 100. Ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn hóró ìkẹyìn, wọ́n á tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le kí oògùn tó dé ṣì gbọ́dọ̀ máa ya àwòrán rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, torí jẹjẹrẹ.

Òótọ́ ni pé nígbà tí sofosbuvir, ọ̀kan lára àwọn oògùn yìí, jáde ní Amẹ́ríkà ní 2013, hóró kan jẹ́ dọ́là 1,000. Owó náà ti wálẹ̀ gan-an ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Íjíbítì, tí àrùn yìí ti bá fínra jù, yẹ ènìyàn tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 wò láàárín 2018 sí 2019, ó sì tọ́jú àwọn tó ní in.

Ní 28 oṣù Keje ọdọọdún, tí í ṣe Ọjọ́ Mẹ́dọ̀wú Àgbáyé, iye àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni àwọn aláṣẹ ń kà sí wa létí. Lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n ka iye àwọn tó ṣe ìkejì lọ́jọ́ kan náà, àti iye àwọn tó lo oògùn wọn tán.