Ìrìn Àdáni Tí Gbogbo Ẹbí Bá Wa Lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílùú òyìnbó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye: kí ni wọ́n ń pè ní àdáni gan-an? Mo mọ dókítà àdáni. Mo mọ ilé ìwé àdáni, mo sì mọ iye tí wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London, tó ní ẹbí nílé, tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó tún lọ fẹ́ obìnrin tó fẹ́ràn fọ́tò, ibo ló ti fẹ́ rí àdáni rà?

Ìyá Dámi ló ní ká lọ sí Algarve. Gúúsù ilẹ̀ Pọtogí ni Algarve wà, níbi tí òkun Àtìláńtíìkì ti ń jẹ àpáta etí omi díẹ̀díẹ̀ títí àpáta fi di ihò, tí àwọn èèyàn sì sọ ihò náà di ohun tí à ń sanwó wò. Obìnrin kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló fi fọ́tò ibẹ̀ hàn án. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti rójú jẹun nílé ara mi. Èmi náà ò sì lè sọ pé mi ò lọ. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru. Bó o bá gba ìsinmi níbẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi ọ́ ni pé ibo lò ń lọ. Tó o bá ní o fẹ́ lọ sùn sílé ni, ojú tí wọ́n máa fi wò ọ́, o máa mọ̀ pé wọ́n ti ń wá bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún ọ láàárín àwọn arúgbó.

Mo ní, "Ìyá Dámi, ọkọ̀ ojú omi elérò púpọ̀ wà. Kò ju yúrò 40 lọ lórí ẹnì kan."

Ó ní òun ò lè máa pariwo lójú òkun kí àwọn tí òun ò mọ̀ rí máa wo òun lẹ́nu. Àdáni lòun fẹ́: àwa mẹ́ta, awakọ̀, àti òkun. Yúrò 400. Mo ṣírò rẹ̀ sí iṣẹ́ òru, àyà mi já. Mo ṣírò rẹ̀ sí náírà, mo pa fóònù.

Owó ọkọ̀ ò tiẹ̀ ni wàhálà. Ẹni tó bá ní páásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì, báàgì ló máa gbé, ó di Faro, ìlú tí bàálù máa ń bà sí ní Algarve. Àwa tí tiwa ṣì jẹ́ aláwọ̀ ewé, físà Schengen tí wọ́n fi ń wọ Pọtogí àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ni: yúrò 90 lórí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan, yúrò 45 lórí Dámilọ́lá tó jẹ́ ọmọ ọdún 9. Ìwé ìdójútòfò tó lè san tó yúrò 30,000 bí àìsàn bá kì wá mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún. Lẹ́tà láti ibi iṣẹ́. Ìwé báńkì olóṣù mélòó kan. Fọ́ọ̀mù bi mí pé kí ni mò ń lọ ṣe, mo kọ ọ́ pé ìgbafẹ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo tún gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé tí mo bá rí oòrùn àti òkun tán, màá padà sídìí iṣẹ́ òru lábẹ́ òjò London. Ẹ̀rí kí ni mo fẹ́ mú wá fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ti ìwé báńkì yẹn ló dá ìjà sílẹ̀. Kí báńkì tó lè jẹ́rìí pé mo lówó, mo ní láti sọ fún ilé pé mi ò lówó. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ti ń pè mí nítorí òrùlé ilé ẹbí tó ń jò. Páànù ni wọ́n fẹ́. Mo ní, "Ẹ ṣe sùúrù sà, nǹkan le níbí." Ẹ má pè mí ní òpùrọ́. Owó wà ní báńkì, n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ta ni nǹkan tún lè le fún jù mí lọ?

Torí náà, kí a tó gbéra, mo ṣe òfin nílé. Kò sí fọ́tò lórí status. Kò sí "ẹ bá mi dúpẹ́". Kò sí fídíò. Ìyàwó mi ní, "Ṣé ọmọdé ni mí ni, Dádì Dámi?" Inú mi dùn. Àfìgbà tí a dókè nínú bàálù ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé kò dá mi lóhùn.

A bá àwọn ará Ìlú Ọba ní Algarve bí ẹní bá ilẹ̀. Gbogbo èrò tí a rò pé a fi sílẹ̀ ní London ló ti ṣáájú wa débẹ̀, ara wọn ti pọ́n, wọ́n ń jẹ ẹ̀wà inú agolo láàárọ̀. Kí n má fi ìyẹn fi àkókò yín ṣòfò.

Ibùdó ọkọ̀ ojú omi ní Portimão la ti gbéra. Awakọ̀ wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí oòrùn ti sun dáadáa, èyín rẹ̀ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan. Ó fún wa ní ẹ̀wù amúniléfòó. Mo bi í pé ṣé ẹyọ kan péré ni wọ́n máa ń wọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò ṣe àwàdà o.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọn kì í sọ fún yín nípa ọkọ̀ àdáni. Nínú ọkọ̀ elérò, o lè fara pamọ́ sẹ́yìn òyìnbó kan tó sanra, kó o fojú dijú, kó o máa gbàdúrà. Nínú àdáni, ìwọ nìkan ni awakọ̀ ń wò. Bí mo bá ṣe di irin mú báyìí, ó máa dá ẹ́ńjìnnì dúró, ó máa bi mí lójú ìyàwó mi pé, "Ọ̀gá, ṣé kò sí wàhálà o?" Àwọn baba wa ní bí odò ò bá rí ẹsẹ̀ ẹni, kì í gbé ni lọ. Èmi ni mo gba físà, mo wọ bàálù, mo tún san yúrò 400 láti lọ fi ẹsẹ̀ hàn án.

A kọjá ẹnu odò Arade, a rí ìlú Ferragudo lápá òsì pẹ̀lú odi ìgbàanì rẹ̀ tó dojú kọ omi, a yà sí ìlà-oòrùn. Àpáta ibẹ̀ dára, mi ò ní parọ́. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí oòrùn ṣe ń là á. Ìṣòro ibẹ̀ kan ni pé awakọ̀ ti sọ gbogbo òkúta lórúkọ. "Ẹ wo erin!" Ìyàwó mi ní òun rí i. Dámilọ́lá ní òun rí i. Èmi rí òkúta. Nínú ọkọ̀ elérò, a ti kọjá nù un. Ṣùgbọ́n àdáni la gbà, ó dá ọkọ̀ dúró, ó ní kò sí ìkánjú. Mo ní mo ti rí i. Ó ní ibo wá ni ọwọ́jà rẹ̀ wà? Mo nawọ́. Ó mi orí, ó ní ìdí rẹ̀ nìyẹn.

A débi tí a torí ẹ̀ wá, ihò Benagil. Ọkọ̀ gba ẹnu rẹ̀ wọlé, ojú wa ṣókùnkùn díẹ̀, ibẹ̀ wá là gbàràmù: yàrá ńlá kan tí òkun gbẹ́ sínú àpáta, iyanrìn gbígbẹ nísàlẹ̀, àjà àpáta aláwọ̀ ìyeyè lókè, ihò róbótó kan sì la àjà náà tí o fi ń rí ojú ọ̀run. Ẹnu mi ò lè sọ ohunkóhun. Awakọ̀ ní òkúta ẹfun ni, pé láyé ìgbà kan abẹ́ òkun ni gbogbo rẹ̀ wà, ìkarahun àti egungun ẹran omi ló kó ara jọ tó di òkúta ní nǹkan bí ogún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ìgbì ń jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀. Òjò ń gba ojú sísán wọlé láti òkè, ó ń yọ́ ọ, títí àjà fi já.

Mo bi í pé ṣé òjò náà ti ṣíwọ́. Ó ní rárá o, ó ṣì ń jẹ ẹ́ lọ.

Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, a ti rí i tó.

Àṣé ìyàwó mi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó ṣí báàgì, ó yọ gèlè. Gèlè, ẹ̀yin èèyàn mi! Aró aláwọ̀ búlúù, tó bá ojú òkun mu. Ó ní òun fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kí òun dúró sí àárín iyanrìn yẹn níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Awakọ̀ ní kò sáàyè. Láti 2024, ìjọba ti fòfin dè é: kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan iyanrìn inú ihò náà mọ́, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ lúwẹ̀ẹ́ wọ ibẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi kayak, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, wọlé gbọ́dọ̀ ní afinimọ̀nà. Mo ti bá oríṣiríṣi ìjọba jà láyé mi nítorí ìwé àti nítorí owó orí. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ gbóríyìn fún ọ̀kan.

Ìyá Dámi wé gèlè rẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo ní ṣebí a ti ní kò sí fọ́tò. Ó ní fọ́tò kọ́, ohun ìrántí ni. Awakọ̀ fi ìdí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ó gba fóònù, ó ń kúnlẹ̀, ó ń dìde, ó ń sọ fún un pé kó gbé àgbọ̀n sókè. Ìyẹn náà wà nínú yúrò 400.

Ní Praia da Marinha, ó ju ìdákọ̀ró sómi níwájú etíkun. Àkọlé wà níbẹ̀ tó ya àwòrán òkúta tó ń já lé èèyàn lórí. Kì í ṣe eré: ní 2009, àpáta ya ní etíkun Maria Luísa nítòsí Albufeira, èèyàn 5 tó ń sinmi nísàlẹ̀ rẹ̀ ló kú. Síbẹ̀, a rí àwọn tó tẹ́ aṣọ ìnura sábẹ́ àpáta gẹ́lẹ́ torí wọ́n ń wá òjìji. Ìyàwó mi ń fọwọ́ ṣàpẹẹrẹ sí wọn láti inú ọkọ̀ pé kí wọ́n dìde. Wọ́n rò pé ó ń kí wọn, wọ́n juwọ́ padà.

Dámilọ́lá bẹ́ sómi kí n tó gbójú sókè. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìlú Ọba ni: wọ́n fẹ́ kí gbogbo ọmọ lè lúwẹ̀ẹ́ tó mítà 25 kí wọ́n tó jáde. Ó ń pè mí, "Dádì, ẹ wá! Omi ò tutù!" Mo ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Òtútù gun mi dé eyín. Àtìláńtíìkì ni, nínú ẹ̀ẹ̀rùn náà, tó bá gbóná tó ìwọ̀n 20 wọ́n máa ń dúpẹ́. Mo sọ fún ọmọ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣọ́ báàgì. Ó wo òkun yíká, ó wo awakọ̀, ó ní, "Lọ́wọ́ ta ni?"

Bí a ṣe ń padà, awakọ̀ ní bí a bá fẹ́, lọ́la òun lè gbé wa lọ sí Lagos. Àyà mi kọ́kọ́ já, mo ti ń rò ó pé ibo la máa gbà tí kò fi ní sí gó-síló. Tiwọn ni o, ìlú etí òkun níbẹ̀ náà, àwọn ihò mìíràn wà ní Ponta da Piedade. Mo ní a dúpẹ́.

A ò tíì débùdó tí fóònù mi rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò dákẹ́. Ìyá Dámi ti gbé fọ́tò sórí status láti inú òkun. Ó ní òun fi pamọ́ fún gbogbo ẹbí mi o, ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó gbàgbé pé àbúrò òun fúnra rẹ̀ àti ìyàwó Bàbá Kékeré jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. "Ọlọ́run á ṣe tiwa náà." "Àwọn tó rí ṣe." "Bùọ̀dá, ẹ kú ìgbádùn, nípa owó ilé ìwé tí mo sọ níjelòó." Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí kọ "Àmín."

Bàbá Kékeré pe fídíò. Bí mo ṣe rí ojú wọn, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pèpéle ibùdó ọkọ̀. Awakọ̀ rò pé mo dákú ni, ó ju òrùka amúniléfòó lù mí.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà."

"Ilé ta nìyàwó rẹ wà yìí?"

"Kì í ṣe ilé sà. Ihò inú òkun ni."

"Mo rí òrùlé."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Ó lu."

"Ó lu sà."

"Kí ló lu ú?"

Mo wo awakọ̀, mo wo òkun. "Òjò ni sà."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ìwọ sì sanwó láti lọ wò ó. Èló?"

Mo fẹ́ sọ pé ibi iṣẹ́ ló sanwó, ìyàwó mi sì ké láti ẹ̀yìn mi pé, "Yúrò 400 ni, Bàbá! Àdáni ni!"

Bàbá Kékeré ò bínú. Wọ́n rọra yí fóònù sókè, mo rí àjà ilé wa. "Wò ó dáadáa. Ẹyọ kan ni tòyìnbó. Mẹ́ta ni tiwa, ẹ̀kẹrin ń bọ̀ nínú yàrá ìyá rẹ. Tiwa gan-an, ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ lè fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ìyàwó rẹ lè wé gèlè tó bá wù ú. Èló lẹ máa san?"

Mo fi owó páànù ránṣẹ́ láti pápákọ̀ òfurufú Faro, lórí ìlà àwọn tó ń fi páásípọ́ọ̀tù hàn. Kí n tó kan ọ̀gá tó ń lu òǹtẹ̀, èsì ti dé: owó ti wọlé, Ọlọ́run á bù kún mi, ṣùgbọ́n ìṣó ńkọ́?