Téélọ̀ Tí Kò Ráyè Ránṣọ

Ẹ bá mi wo pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù téélọ̀ mi. Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kùn ún, ṣùgbọ́n bí oòrùn ọ̀sán bá ti pa á, lẹ́tà àtijọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lábẹ́ tuntun. "A ń rán agbádá" wà nísàlẹ̀ pátápátá, "Bitcoin" gorí rẹ̀, "POS" gorí ìyẹn. Èyí tó jọba lórí gbogbo wọn báyìí ni "Content Creator." Ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ni kò tíì pààrọ̀ orúkọ nínú ṣọ́ọ̀bù náà, torí kò sẹ́ni tó bi í.

Ẹ má rò pé ọ̀lẹ lọkùnrin yìí o. Bó bá jókòó sídìí agbádá, ẹ ó mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀gá ló kàn án. Ìjókòó yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ní 2021, bitcoin, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn, ló gbòde. Téélọ̀ mi fi téèpù kọ́rùn, ó tẹjú mọ́ fóònù, ó ń wo ìlà pupa àti ìlà àwọ̀ ewé bí babaláwo tó ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀. Oṣù Kejì ọdún náà ni CBN, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, pàṣẹ pé kí àwọn báǹkì ti àkáǹtì ẹni tó bá ń fi í ṣòwò. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé a lè wá gé ṣòkòtò mi báyìí?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

Òwe yẹn ló fi ń dá mi lóhùn láti ìgbà náà. Kò purọ́. Àmọ́ ẹni tó wọ ọjà lòwe ń bá wí. Ẹni tó dúró sí oríta, tó gbẹ́sẹ̀ kan sọ́nà yìí, tó tún fà á padà torí pé ó gbọ́ ariwo lọ́nà kejì, ibẹ̀ ni ọjà á ti tú mọ́ ọn lójú.

Nígbà tí ìjọba ní ká pààrọ̀ owó àtijọ́ sí tuntun, tí náírà wọ́n bí ojú níbẹ̀rẹ̀ 2023, tí a ń fi owó ra owó, ó gbé tábìlì tó fi ń gé aṣọ síta, ó fi agboòrùn bò ó, ó di oní-POS. N ò dá a lẹ́bi. Ẹni tó bá ní owó lọ́wọ́ nígbà yẹn, kábíyèsí ni. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí a máa ná owó àtijọ́ lọ títí ọdún á fi parí. Nígbà tí owó fi máa padà sígboro, agboòrùn mẹ́fà ti wà ládùúgbò wa, òjò sì ti ba tábìlì jẹ́.

Kì í ṣe òun nìkan. Ìyá alámàlà wa bẹ̀rẹ̀ sàwámà, gbẹ̀gìrì wá ń kan. Àwọn òyìnbó gan-an ń ṣe é. Ní oṣù Kejìlá 2017, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń ta tíì inú ìgò, Long Island Iced Tea, kéde pé Long Blockchain lòun ń jẹ́ báyìí, torí blockchain ni ètò tí bitcoin dúró lé. Tíì kò dùn sí i, kò tutù sí i, àmọ́ iye ìpín wọn ju ìlọ́po méjì lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí 2018 tó parí, Nasdaq, ọjà ìpín tí wọ́n wà, ti lé wọn kúrò lọ́jà. Bí mo bá sọ ìtàn yìí fún téélọ̀ mi, ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni etí rẹ̀ máa gbà.

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni mo gbé ẹtù tí mo rà ní Ìsẹ́yìn fún un, nítorí ìgbéyàwó àbúrò mi. Àbámẹ́ta ni ìgbéyàwó. Ọjọ́bọ̀ ni mo lọ gba aṣọ. Mo bá iná róbótó kan lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọ̀gá wà lórí TikTok, ó ń kọ́ àwọn téélọ̀ bí wọn kò ṣe ní máa já oníbàárà kulẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹtù mi ló fi ìṣó kàn mọ́ ògiri gbọọrọ yẹn, àlùmọ́gàjí kò tíì kàn án.

Mo nawọ́ sí i. Ó yára di ọwọ́ mi mú, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn tó ń wò ó má baà gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má yọ ọ́. Aṣọ yẹn làwọn èèyàn fi ń dá mi mọ̀."