Èsì wa sí oníbàárà tí ó fún iṣẹ́ àyẹ̀wò orin wa ní ìràwọ̀ méjì

Ẹ kú iṣẹ́ orin o. A dúpẹ́ pé ẹ fi àkókò sílẹ̀ láti kọ èrò yín síbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á, ibí kan náà ni mo sì fẹ́ ti dá yín lóhùn. Èmi tí mo gbọ́ orin yín, tí mo sì kọ àbọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́, ni mo ń kọ èyí. Ohun tí ẹ sọ, bí mo bá kó o jọ, ni pé plugin (ètò kékeré inú kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún ohùn ṣe) tí ẹ máa lò fún ohùn yín ni ẹ sanwó láti mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yàrá tí ẹ ti ń ṣe orin ni a ń sọ. Pé a ní kí ẹ gé béèsì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀, kúrò lára gìtá, gìtá sì di tín-ín-rín. Pé a ní kí ẹ má jẹ́ kí orin náà pariwo tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ yín sì sọ pé kò lágbára tó ti àwọn ẹlòmíràn mọ́. Àti pé ọjọ́ mẹ́ta tí a dá ti di márùn-ún kí ẹ tó gbúròó wa.

Ti ọjọ́ ni mo máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, nítorí pé ẹ jàre. Iṣẹ́ tí mo gbà lọ́sẹ̀ náà ju èyí tí etí ẹnì kan lè gbọ́ dáadáa lọ, nígbà tí mo sì rí i ní ọjọ́ kejì pé ọwọ́ mi kò ní tètè kan orin yín, ó yẹ kí n ti kọ̀wé sí yín nígbà náà, kì í ṣe kí n dákẹ́ títí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. A ti dá ìdajì owó yín padà sínú àkáǹtì tí ẹ fi san án. Ohun kejì tí mo gbà ni pé ojú ìwé méjì ni mo kọ, tí kò sì sí ìlà kan níbẹ̀ tó sọ ohun tó dára nínú orin náà. Àṣìṣe ni nínú iṣẹ́ yìí pàápàá, nítorí ẹni tí a kò sọ ohun tó ti dára fún lè lọ fọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nísinsìnyí: ẹ má ṣe fọwọ́ kan gángan yín. Máìkì tí ẹ gbé sí i kò sún mọ́ ọn jù, ó ń sọ̀rọ̀ ketekete, àlàfo tí ẹ sì fi sílẹ̀ fún un láàárín ohùn yín àti ègbè dára gan-an. Ohùn mẹ́ta tí ẹ tò sí ọ̀tún àti òsì fún ègbè náà kò nílò àtúnṣe kankan.

Plugin tí yóò pa “s” àti “ṣ” tó ń gún etí nínú ohùn yín ni ẹ béèrè. Ìdáhùn mi bẹ̀rẹ̀ láti yàrá nítorí pé ibẹ̀ ni ohun tó ń gún etí náà ti wá. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ sọ fún wa pé yàrá yín jẹ́ mítà mẹ́ta ní ìbú àti mítà mẹ́ta ní òòró, pé àárín rẹ̀ gan-an ni àga yín wà, pé fóòmù tín-ín-rín ni ẹ lẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri, àti pé òru ni ẹ máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún níta. Fóòmù tí kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ máa ń fa ohùn òkè, ìyẹn ohùn tín-ín-rín bíi ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, mu dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè ṣe ohunkóhun fún ohùn ìsàlẹ̀. Gbogbo yàrá wá ṣókùnkùn sí etí yín, ẹ sì fi ohùn òkè kún orin kí ó lè mọ́lẹ̀. Mo rí i pé ẹ ti gbé ohùn yín sókè ní agbègbè hertz 8,000 (hertz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ibi tí “s” ń gbé, tí “ṣ” náà sì máa ń dé. Ẹ tún ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tún, hi-hat (páànù méjì tó ń lu ara wọn lára ìlù òyìnbó) ní òsì, àwọn méjèèjì sì ń bá kọ́ńsónáǹtì yín du àyè kan náà, débi pé ọ̀rọ̀ orin náà ń gún etí síbẹ̀ tí kò yé ni. Bí mo bá dárúkọ plugin kan fún yín, ẹ óò fi ọwọ́ kan mú kúrò nínú ohun tí ẹ ti fi ọwọ́ kejì fi kún. Ẹ yọ ohun tí ẹ fi kún un kúrò ná, kí ẹ rẹ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tó mọ̀ bóyá ohunkóhun ṣì kù tí plugin yóò ṣe.

Ti béèsì ló wá le jù. Ohùn máa ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ògiri méjì bá wà ní mítà mẹ́ta síra wọn, ìgbì ohùn tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́fà, ìyẹn nǹkan bíi hertz 57, máa ń lọ, á bọ̀, á sì gun ara rẹ̀: yóò pọ̀ lápọ̀jù lẹ́bàá ògiri, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú pátápátá láàárín. Nítorí pé ìbú àti òòró yàrá yín dọ́gba, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́nà méjèèjì. Ibi tí ó ti ń kú yẹn ni àga yín wà, agbègbè yẹn náà sì ni ìdí kick (ìlù ńlá tí a ń fi ẹsẹ̀ lù) àti béèsì orin òde òní wà. Ohun tí etí yín kò gbọ́ ni ọwọ́ yín ń fi kún, ìdí nìyẹn tí béèsì orin yín fi ju ìwọ̀n lọ ní nǹkan bíi decibel (ìwọ̀n ariwo) mẹ́fà lórí sípíkà wa níbí. Ẹ dán an wò fúnra yín: ẹ jẹ́ kí kick àti béèsì nìkan máa dún, kí ẹ dìde lórí àga, kí ẹ sì rìn lọ sí igun yàrá. Ẹ óò gbọ́ bí yóò ṣe máa wú bí ẹ bá ṣe ń lọ.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ kò gba owó. Ẹ gbé àga yín síwájú kí etí yín wà ní nǹkan bíi mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 15 sí ògiri iwájú, nítorí ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún òòró yàrá ni ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ti ìbú kò ṣeé sá fún bẹ́ẹ̀, torí pé sípíkà ọ̀tún àti ti òsì gbọ́dọ̀ jìnnà sí ògiri wọn bákan náà. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ máa fi hẹ́dífóònù yẹ béèsì wò nìyẹn. Bí owó bá wà lẹ́yìn èyí, ohun tó nípọn gidi ní àwọn igun yàrá ni kí ẹ ná an lé, kì í ṣe fóòmù mìíràn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pinnu ìwọ̀n béèsì nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Ariwo rẹ̀ máa ń bo ohùn ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ óò sì yí ohùn sípíkà sókè kí ẹ lè borí rẹ̀. Ní ọdún 1933 ni Fletcher àti Munson, ní iléeṣẹ́ ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, ti tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé etí ènìyàn kì í gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa bí ohun tí a ń gbọ́ bá ń dún jẹ́jẹ́, pé bí ariwo rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni béèsì ṣe ń kún sí i létí. Orin tí a bá ṣe pẹ̀lú ariwo ńlá yóò yí padà nígbà tí ẹlòmíràn bá gbọ́ ọ jẹ́jẹ́ nínú ilé rẹ̀.

Lórí gìtá, ẹ̀yin náà jàre díẹ̀. Mo ní kí ẹ gé gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ hertz 150 kúrò, mo sì dúró lórí rẹ̀ níbi tí ohun èlò béèsì bá ti ń dún, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbọ́ gìtá náà ní òun nìkan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbàgbé pé gìtá nìkan ló ṣí orin yín. Níbẹ̀, ẹ dá ìsàlẹ̀ rẹ̀ padà fún un, kí gígé náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà tí béèsì bá wọlé. Automation, ìyẹn àṣẹ tí ẹ kọ sílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ yí nǹkan padà láàárín orin, yóò ṣe é fún yín.

Ọ̀rẹ́ yín kò purọ́. Bí ẹ bá fi orin méjì síra lórí fóònù lásán, èyí tó pariwo jù ni yóò dà bí ẹni pé ó dára jù. LUFS ni a fi ń wọn bí odindi orin ṣe ń pariwo tó, bí ó bá sì ṣe sún mọ́ òdo tó ni ariwo rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. LUFS -7 ni orin yín wà nígbà tó dé ọwọ́ wa, Spotify sì máa ń mú orin wá sí nǹkan bíi LUFS -14 bí ẹni tó ń gbọ́ ọ kò bá yí ètò náà padà. Decibel méje ni wọn yóò rẹ̀ sílẹ̀, agbára kick tí limiter (ohun tó ń tẹ ibi tó ga jù mọ́lẹ̀ kí gbogbo orin lè pariwo sí i) ti tẹ̀ pa kò sì ní padà wá. Ní ọwọ́ DJ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, nítorí náà n kò sọ pé kí orin yín dúró sí -14. Ohun tí mo sọ ni pé kí ẹ yọ limiter kúrò títí mixing (pípo gbogbo ohùn pọ̀) yóò fi parí, kí ibi tó ga jù lọ wà ní nǹkan bíi decibel -6, ìyẹn mẹ́fà sísàlẹ̀ ibi tí kọ̀ǹpútà lè gbà dé, kí ẹni tó máa ṣe mastering (àtúnṣe ìkẹyìn) sì rí àyè ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá ti gbé àga, tí ẹ sì tún béèsì ṣe, ẹ fi orin náà ránṣẹ́ padà ní fáìlì WAV, bit 24, láìsí limiter, pẹ̀lú ohùn yín nìkan lọ́tọ̀, láìsí reverb (ìró tó ń dún padà bíi ti gbọ̀ngán ńlá). N óò gbọ́ ọ lórí sípíkà kan náà àti lórí fóònù, láìgba kọ́bọ̀, èsì mi yóò sì dé ọwọ́ yín láàárín ọjọ́ méjì.