Afẹ́fẹ́ kì í ṣèpàdé lẹ́yìn apá bàálù: ohun tí páálí fóòmù pẹrẹsẹ fi yé wa

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìbàdàn ló kọ́kọ́ sọ pé kò ní fò. Mo ti fi fọ́tò apá bàálù kékeré onírìmóòtù tí èmi àti ọmọ mi ń kàn ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Páálí fóòmù kan ṣoṣo ni, gígùn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 76, fífẹ̀ rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 20, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi wàláà. Kò pẹ́ tí ohùn wọn fi dé: "Ẹ tún un ṣe o, àbúrò mi. Òkè apá gbọ́dọ̀ wú, kí ìsàlẹ̀ tẹ́. Afẹ́fẹ́ tó gba òkè ni ọ̀nà rẹ̀ jìn, ó sì ní láti sáré kó lè bá èkejì rẹ̀ pàdé lẹ́yìn. Eré yẹn ló ń gbé bàálù dúró. Tí òkè àti ìsàlẹ̀ bá gùn bákan náà, kí ló fẹ́ gbé e?"

Mi ò bá wọn jiyàn lọ́jọ́ náà. Ohun tí wọ́n sọ yẹn gan-an ni wọ́n kọ́ èmi náà ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí mo kọ sínú ìwé, tí mo sì fi yege. Ohun kan náà ni wọ́n ń kọ́ ọmọ mi níbí ní Dayton, ìpínlẹ̀ Ohio, ìlú tí Wilbur àti Orville Wright ti ń kan kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó kan bàálù. Àlàyé náà rọrùn láti yà sójú pátákó, ó sì dùn létí. Àmọ́ ibi tí gbogbo rẹ̀ fẹ̀yìn tì kì í ṣe òótọ́.

Bàálù wa fò ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ọmọ mi jù ú, rìmóòtù wà lọ́wọ́ mi. Ó kọ́kọ́ rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló gbérí, ó sì gba orí pápá kọjá bí àwòdì. Gíráàmù 450 ni gbogbo rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, tòun ti bátìrì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n darí débi pé ó dojú rẹ̀ dé lófurufú, ikùn lókè, ẹ̀yìn nísàlẹ̀, ó sì ń fò lọ bẹ́ẹ̀. Fídíò yẹn ni mo fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Tó bá jẹ́ wíwú òkè apá ló ń gbé bàálù, bàálù tí wọ́n bá dojú rẹ̀ dé, ilẹ̀ ni wíwú náà ì bá máa fà á lọ. Ṣùgbọ́n àwọn bàálù tí wọ́n fi ń dárà lófurufú bíi Extra 300, tí apá wọn wú bákan náà lókè àti nísàlẹ̀, ń fò ní ìdojúdé níwájú èrò. Apá tiwa kò tilẹ̀ wú níbì kankan.

Ibi tí àlàyé àtijọ́ yẹn ti já ni ọ̀rọ̀ ìpàdé. Ta ló pàṣẹ pé kí afẹ́fẹ́ méjèèjì pàdé? Bí ẹni méjì bá kúrò ní Mọ́kọ́lá lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀, kò sí òfin tó ní kí wọ́n débẹ̀ pọ̀. Afẹ́fẹ́ ò mọ èkejì rẹ̀, kò sì dá ìgbà kankan fún un. Holger Babinsky, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi èéfín hàn án kedere: ó ń fẹ́ èéfín ní ìṣù-ìṣù sí apá, kí ojú lè rí ìgbà tí ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá jáde lẹ́yìn. Wọn ò pàdé. Ti òkè ló kọ́kọ́ jáde, ó sì fi èkejì sílẹ̀ gan-an. Èyí ló mú mi gbàgbọ́ pátápátá, torí pé afẹ́fẹ́ òkè ń sáré lóòótọ́, ó tilẹ̀ ń sáré ju bí àlàyé ìpàdé ṣe sọ lọ. Ìdí tí wọ́n fún wa ni kò sí.

Nítorí pé oníṣirò ni ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣe ìṣirò rẹ̀ fún wọn. Ká ní bàálù wa ń lọ ní mítà 10 láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan. Ká sì ní a ti wú òkè apá náà díẹ̀, débi pé ọ̀nà òkè fi ìdá 2 nínú 100 gùn ju ti ìsàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ méjèèjì sì máa pàdé bí wọ́n ṣe wí. Gbogbo ohun tí eré àfikún yẹn lè gbé kò ju nǹkan bíi gíráàmù 38 lọ. Gíráàmù 412 tó kù ńkọ́? Kí ìpàdé nìkan tó lè gbé 450, ọ̀nà òkè ní láti fi bí ìdá 21 nínú 100 gùn jù, ìyẹn ni pé apá tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20 máa nílò bíi sẹ̀ǹtímítà 24 lókè. Ẹ mú páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 24, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì jìnnà síra ní 20, kẹ́ ẹ wá wọn àárín rẹ̀. Á ga ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Igbá tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀ nìyẹn. Kò sí bàálù kankan ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà tí apá rẹ̀ rí báyẹn.

Kí ló wá ń gbé e? Imú apá kì í dọ́gba pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀. Ó máa ń gbé sókè díẹ̀. Fún bàálù wa, ní eré tí mo sọ yẹn, bíi dígírì 6 tàbí 7 ni. Afẹ́fẹ́ tó bá kan abẹ́ apá a yà sísàlẹ̀. Èyí tó gba òkè náà a rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn apá, nígbà tó bá sì fi máa jáde, ìsàlẹ̀ lòun náà kọjú sí. Apá ń ti afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ń ti apá sókè. Òfin kẹta Newton tí gbogbo wa há sórí ni. Ẹ ṣàkíyèsí pé Bernoulli, onímọ̀ tí wọ́n máa ń fi orúkọ rẹ̀ gbe àlàyé àtijọ́ yẹn lẹ́sẹ̀, kò parọ́ o: níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń sáré lókè, kì í tẹ apá tó bí ti ìsàlẹ̀ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ìyàtọ̀ yẹn sì ni agbára tó gbé e sókè. Ohun kan náà ni à ń fi ọ̀nà méjì kà. Àwọn tó ń jà pé ti Newton ni àbí ti Bernoulli ń fi àkókò ṣòfò.

Kí n tó mọ fisíìsì rárá ni ọwọ́ mi ti mọ èyí. Ní họlidé gígùn, ìwé ìròyìn àtijọ́, ọwọ̀n ìgbálẹ̀ méjì, òwú ìránṣọ àti ìrù tí a fi àkísà ṣe la fi ń ṣe káìtì. Pẹrẹsẹ ni. Kò sí ọmọ kankan ní àdúgbò wa tó wú òkè káìtì tirẹ̀. Ohun tí a máa ń jà lé lórí ni ibi tí a ó ti so òwú, torí pé ibẹ̀ ló ń pinnu bí orí káìtì ṣe máa tẹ̀ sẹ́yìn sí afẹ́fẹ́. Bó o bá so ó níbi tó yẹ, ó gòkè. Bó o bá ṣì í so, á máa pòòyì lórí ilẹ̀. Mo gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí ní gbàrà tí wọ́n ya apá tó wú fún mi sójú pátákó.

Àwọn Wright náà kò gbára lé ìyàtọ̀ gígùn òkè àti ìsàlẹ̀. Ní 1901, nínú ilé ìtajà kẹ̀kẹ́ wọn ní Dayton níbí, wọ́n kan àpótí onígi kan tó gùn ní bíi mítà 1.8, wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n sì dán bí oríṣi apá kéékèèké 200 wò nínú rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n gé ṣe ọ̀pọ̀ wọn, tí wọ́n fi òòlù tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tẹ̀, báwo ni òkè rẹ̀ ṣe máa gùn ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ tó nǹkan kan? Síbẹ̀ inú àpótí yẹn ni òye apá bàálù wọn ti jáde, èyí tó gbéra fún sẹ́kọ́ǹdù 12 ní Kitty Hawk ní December 17, 1903. Bàálù wọn ti 1905 ṣì wà ní Carillon Historical Park ní ìlú yìí. Mo mú ọmọ mi lọ wò ó. Apá rẹ̀ fẹ́lẹ́, aṣọ ni wọ́n fi bo àwọn igi ìhà rẹ̀, ó sì tẹ̀ fẹ́ẹ́ bí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ọmọ náà dúró síbẹ̀ pẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí torí ohun tí irọ́ náà ń bà jẹ́. Olùkọ́ kan fi bírò pupa fa igi sí ìdáhùn ọmọ mi lára nítorí pé ó kọ ọ́ pé apá ń ti afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀. Ọmọ tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan bàálù, tó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i tó fò! Mo lọ bá olùkọ́ náà tòun ti bàálù lọ́wọ́, a sì sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí títẹ fóòmù kó lè wú dáadáa, wọn ò ní wo ìwúwo, wọn ò ní wo ibi tí bàálù ti dọ́gba. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ẹ̀tẹ̀ ibẹ̀ ni ibi ìdọ́gba. Ẹ fi ìka kọ̀ọ̀kan gbé bàálù lábẹ́ apá méjèèjì. Ibi tó ti gbọ́dọ̀ dúró láìtẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn jẹ́ bí ìdá 25 sí 30 nínú 100 fífẹ̀ apá, kẹ́ ẹ kà á láti iwájú. Fún apá sẹ̀ǹtímítà 20, sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 nìyẹn. Bátìrì ni ẹ ó máa sún síwájú sẹ́yìn títí yóò fi rí bẹ́ẹ̀. Bàálù wa kejì já lulẹ̀ láàárín sẹ́kọ́ǹdù mẹ́rin torí pé mo ki bátìrì sẹ́yìn jù: imú rẹ̀ gbé sókè ju bó ṣe yẹ lọ, afẹ́fẹ́ òkè kò lè rọ̀ mọ́ apá mọ́, apá tú u sílẹ̀, bàálù sì fi imú sọlẹ̀. Tó bá jẹ́ gígùn ọ̀nà òkè ni gbogbo ọ̀rọ̀, gbígbé imú sókè kò yẹ kó pa á. Gígùn kò yí padà. Ọ̀nà tí imú kọjú sí ló yí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwúwo. Páálí ilé ìtajà Dollar Tree tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kan bàálù fóòmù ní Amẹ́ríkà ń lò, èyí tí àwọn ará Flite Test, ẹgbẹ́ tó ń ṣe fídíò nípa bàálù kíkàn ní Ohio, fi kọ́ ayé, wọn nǹkan bíi gíráàmù 115. Páálí míì tó jọ ọ́ bí ìbejì lè wúwo tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Pẹrẹsẹ nìkan kì í sì í dúró: fóòmù mìlímítà 5 á ká bí ẹ ò bá fi ọ̀pá tín-ín-rín gba àárín apá. A fi kábọ́ọ̀nù gbà á, igi súyà la sì fi di apá mọ́ ara pẹ̀lú rọ́bà, kó lè já kúrò láìfọ́ bó bá ṣubú. Ìrì òwúrọ̀ ni ọ̀tá bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì páálí náà.

Mi ò sọ pé kí apá tẹ̀ tàbí kó wú kò wúlò o. Apá tó tẹ̀ díẹ̀ máa ń darí afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀ láìnira, kì í sì í tètè tú u sílẹ̀ bí ti pẹrẹsẹ. Apá bàálù ńlá nípọn torí pé epo àti egungun irin wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Àmọ́ fún bàálù kékeré tó ń rọra lọ, F. W. Schmitz ti dán an wò ní Jámánì ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn pé apá pẹlẹbẹ lè ṣe dáadáa ju apá tó nípọn lọ. Ọ̀nà kan tún wà tí àwọn oní-fóòmù fẹ́ràn: wọ́n á lẹ fóòmù kejì mọ́ òkè apá láti iwájú dé àárín, wọ́n á sì gé e dúró ṣánṣán bí àtẹ̀gùn. Richard Kline ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú bàálù oníbébà, òun àti Floyd Fogleman sì gba ìwé ẹ̀rí ìjọba lé e lórí ní 1972. Ó ń mú apá le, ó sì ń fò. Ta ló máa sọ ibi tí afẹ́fẹ́ òkè ti pàdé ti ìsàlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn?

Ẹ̀gbọ́n mi kò fèsì sí fídíò náà fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wọlé: "Láti iwájú apá, sẹ̀ǹtímítà mélòó lo ní kó ti dọ́gba?" Ọmọ wọn ti rí páálí fóòmù kan rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe pátákó ìpolówó. Mo ní kí wọ́n má tíì gé e, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sórí òṣùwọ̀n, bó bá sì ti ju gíráàmù 150 lọ, kí wọ́n bó bébà ẹ̀gbẹ́ kan kúrò.