Ti Ọrùn Rẹ̀ Là Á Kọ́kọ́ Wò: Fún Ẹni Tó Fẹ́ Kọ́ Ọmọdé Lọ́fẹ̀ẹ́ Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ dá aṣọ fún ọ, ti ọrùn rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Ẹnu ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní nǹkan la ti sábà ń gbọ́ òwe yìí. Olóṣèlú ṣèlérí títì ọlọ́dà, a wo ọ̀nà tó dé abúlé tirẹ̀. Ìbátan kan ní òun á ran ọmọ wa níwèé, a bi í pé àwọn ọmọ tirẹ̀ ńkọ́. Ṣùgbọ́n òwe náà ń bá ẹni tó fẹ́ fúnni wí pẹ̀lú, òun gan-an ni mo sì fẹ́ bá sọ̀rọ̀: àwọn ará wa tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fẹ́ máa lọ kọ́ ọmọ kéékèèké níwèé láìgbowó.

Wọ́n pọ̀. Ìyàwó tó tẹ̀lé ọkọ tó rí iṣẹ́ sí ọsibítù, tó ti ṣe tíṣà fún ọ̀pọ̀ ọdún nílé, tí ìjókòó lásán wá sú u. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ olùkọ́ lọ́la, tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ lọ wo bí kíláàsì wọn ṣe rí. Àwọn kan á ní ìfẹ́ ọmọ ló gbé àwọn débẹ̀, àwọn kan á ní ẹni tó máa jẹ́rìí àwọn síbi iṣẹ́ làwọn ń wá. Èmi ò rí èyí tó burú níbẹ̀. Ẹni tó wá nítorí létà ìjẹ́rìí, tó sì ń dé lásìkò, ó sàn ju ẹni tí ìfẹ́ ọmọ ń pa kú lọ, tó jẹ́ pé ìgbà tó bá wù ú ló ń yọjú.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àṣà òyìnbó ni iṣẹ́ àìgbowó. Ọ̀wẹ̀ àti àáró ti wà kí ọkọ̀ ojú omi wọn tó gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Ìjọba Nàìjíríà gan-an dá Technical Aid Corps sílẹ̀ lọ́dún 1987, èyí tó ń rán olùkọ́, dókítà àti nọ́ọ̀sì wa lọ sìn ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Kàríbíánì àti Pàsífíìkì.

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń bí àwọn èèyàn wa nínú ni ìwé DBS, ìyẹn ìwé ìwádìí tí ilé iṣẹ́ ìjọba kan (Disclosure and Barring Service) ń ṣe láti mọ̀ bóyá ẹnì kan ti dá ọ̀ràn rí. Ẹ dé iléèwé, ẹ ní ẹ fẹ́ ṣèrànwọ́, wọ́n ní kí ẹ mú páásípọ́ọ̀tù wá, kí ẹ kọ gbogbo àdírẹ́sì ibi tí ẹ gbé láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kí ẹ dárúkọ ẹni tó lè jẹ́rìí yín. Inú á ru. "Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni mo ní mo fẹ́ bá yín ṣe, ẹ wá ń wádìí mi bí olè?" Ẹ rọra. Ti ọrùn yín ni wọ́n ń wò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2002, nílùú kékeré kan tó ń jẹ́ Soham, lápá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin tó ń tọ́jú ọgbà iléèwé girama pa ọmọbìnrin méjì, ọmọ ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n wádìí ni wọ́n rí i pé ó ti tó ìgbà mélòó kan tí wọ́n ti fẹjọ́ rẹ̀ sun ọlọ́pàá lágbègbè mìíràn, lórí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin, tí ẹjọ́ náà ò sì dé etí iléèwé tó gbà á síṣẹ́. Ibẹ̀ ni òfin ọdún 2006 ti wá, òfin tó le lórí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sún mọ́ ọmọdé. Ilé iṣẹ́ DBS fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012. Ìjọba kì í sì í gba kọ́bọ̀ fún ìwádìí yìí lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àìgbowó.

Ibi tó ti ń há ni pé DBS ò lè rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Ìbàdàn. Ìwé àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ ibí ló ń wò. Nítorí náà, iléèwé lè ní kí ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìwà rere wá láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá Nàìjíríà. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ gbà á kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹni tó bá ti dé ìhín kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, àfi kó wá ẹni tó máa bá a sáré rẹ̀ nílé, ẹ kúkú mọ bí irú eré bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí.

Ẹ wo físà yín náà. Ẹni tó fi físà àbẹ̀wò wọlé, 30 ọjọ́ péré ni òfin fún un láti fi ṣe irú iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin sì ni. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí físà rẹ̀ fàyè gba iṣẹ́ 20 wákàtí lọ́sẹ̀, bí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ náà bá ti ní wákàtí tí wọ́n là kalẹ̀ pé dandan ni, ara 20 yẹn ni wọ́n máa kà á mọ́. "Wọn ò sanwó fún mi" kì í ṣe àwíjàre níwájú Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà.

Àwọn àgbà tún ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún là á fi fà á mọ́ra. Níbí, ọwọ́ méjèèjì ló gba ìṣọ́ra. Láti ọdún 1987 ni ẹgba ti kúrò ní iléèwé ìjọba, kì í sì í ṣe ẹgba nìkan: kò sí ìfọ́tí, kò sí etí fífà, kò sí "kúnlẹ̀, kí o gbọ́wọ́ sókè". Èyí kì í ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu mọ́. Ti ọwọ́ ọ̀tún ni wọn kì í ronú kàn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ò mọ òfin. Á sáré wá di ẹsẹ̀ yín mú ṣìnkún. Ẹ má tì í dànù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín àti tirẹ̀ ṣe déédéé, ẹ fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, níbi tí tíṣà ti ń rí yín, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ rọ̀ ọ́ padà sídìí eré rẹ̀. Ẹ má ṣe dá mú ọmọ lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ má ṣe wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Bí ọmọ bá sì ní òun fẹ́ sọ àṣírí kan fún yín, ẹ má ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan wà ní iléèwé kọ̀ọ̀kan tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀; ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ dé.

Ká wá wọ inú kíláàsì. Reception ni wọ́n ń pe kíláàsì tí ọmọ máa ń wọ̀ ní oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn tó bá ti pé ọdún mẹ́rin, òfin sì ní tíṣà kan ò gbọdọ̀ ní ju 30 ọmọ lọ. Ọgbọ̀n ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ sáà rò ó wò! Iṣẹ́ tí wọ́n sábà máa ń gbé fún ẹni tó wá ṣèrànwọ́ ni kó jókòó ti ọmọ kan lẹ́yìn òmíràn, kí wọ́n máa kàwé sí i létí. Èyí dà bí iṣẹ́ kékeré lójú ẹni tó ti ṣe ọ̀gá iléèwé rí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ lẹ́tà la fi kọ́ àwa, "éè, bíì, síì". Ìró ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níbí, ní ọ̀pọ̀ iléèwé s, a, t, p, i, n ló sì ń ṣáájú. Ọmọ á pe ìró mẹ́ta, á so wọ́n pọ̀: s-a-t, sat, p-i-n, pin. Bí ẹ bá wá sọ fún un pé "ẹ́sì, éè, tíì", ẹ ti da gbogbo rẹ̀ rú mọ́ ọn lójú. Ahọ́n tiwa ò tún fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì dá dúró, a máa ń fi fáwẹ́lì gbè é lẹ́yìn, s á di "sù", t á di "tù", ọmọ ò sì ní lè so ó pọ̀ mọ́. Ẹ bẹ tíṣà pé kó jẹ́ kí ẹ jókòó sẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa fetí sí bó ṣe ń pè é. Olùkọ́ ogún ọdún ní Ìlọrin lẹ jẹ́? Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jókòó sẹ́yìn.

Ẹ ní ohun tí tíṣà ò ní, bí ó bá jẹ́ pé ọmọ wa wà nínú kíláàsì náà. Olúwatóbilọ́ba ti di Toby lẹ́nu gbogbo wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pe orúkọ yẹn bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é nílé, á yíjú wò yín bíi pé ẹ ti mọ ohun tó jẹ láàárọ̀. Tíṣà ń bá ọmọ wí, ó ní kó wo ojú òun, ọmọ wolẹ̀. Tíṣà lè rò pé olóríkunkun ni, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ilé ni ọmọ ń lò. Lẹ́yìn kíláàsì ni kí ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún un, kì í ṣe lójú ọmọ. Ẹ̀yin náà, ẹ múra sílẹ̀ dé ọmọ ọdún mẹ́rin tó máa pè yín ní "Folákẹ́" ṣákálá, láìsí àǹtí, láìsí mọ́mì. Kò rí yín fín. Bí wọ́n ṣe ń pe òṣìṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ jẹ́léósinmi ibí nìyẹn.

Lójú tèmi, àwọn tí aṣọ wọn pọ̀ jù láti dá fún ọmọ ni àwọn tó ń kọ́ wọn ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí gbọ̀ngàn àdúgbò. Iléèwé Sátidé kì í ṣe tiwa nìkan. Àwọn òbí tó ti Kàríbíánì wá ti ń ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù láti ìparí àwọn ọdún 1960, nígbà tí ìjọba ń kó àwọn ọmọ wọn sí iléèwé àwọn tí wọ́n ní ọpọlọ wọn ò já fáfá. Ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí ojú fi là.

Ẹ jẹ́ kí n fi òǹkà ṣàpẹẹrẹ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ń ka ení, èjì, ẹ̀ta dé ẹẹ́rìnlá, ó ń yọ̀. Tó bá dé ẹẹ́dógún, gbogbo rẹ̀ dojú rú, torí a ò fi kún ẹ̀wá mọ́, a ti ń yọ kúrò nínú ogún. Ọ̀pọ̀ nínú wa á ní kó há a sórí. Bó bá ṣì í, ariwo. Bẹ́ẹ̀, ní Year 1, kíláàsì tó tẹ̀lé Reception, iléèwé ìjọba ti ń kọ́ ọmọ yìí kan náà ní àwọn nọ́ńbà méjì méjì tó ń para pọ̀ di 20: 15 àti 5, 16 àti 4, 17 àti 3. Ẹ kó 20 ìdérí ìgò sórí tábìlì, kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ yọ 4 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó wá ka èyí tó kù: mẹ́rìndínlógún. Ó tán. Ẹni tó bá ti jókòó sí kíláàsì òyìnbó láàárín ọ̀sẹ̀ ló máa mọ̀ pé ọmọ ti ní ìmọ̀ yẹn lọ́wọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ Sátidé.

Àìdúró ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ jù. Ọmọ kékeré kì í ka ìwé ẹ̀rí yín. Ọjọ́ tí ẹ ní ẹ máa wá tí ẹ ò wá ló ń kà. Nítorí náà, ẹ má ṣèlérí ọjọ́ márùn-ún. Ẹ mú àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, fún sáà kan péré, láti ẹ̀yìn Kérésìmesì dé Àjíǹde. Bó bá parí tí agbára ṣì wà, ẹ tún mú òmíràn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kò gbọdọ̀ ti ibẹ̀ gba kíláàsì lọ. Oorun á máa kùn ún, àwọn ọmọ á sì fi ṣe ẹlẹ́yà. Bí ẹ bá ń fi ibẹ̀ sílẹ̀, ẹ sọ fún tíṣà ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kó lè múra ọkàn àwọn ọmọ sílẹ̀. Ẹ gba owó ọkọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ san án, kò sọ iṣẹ́ yín di iṣẹ́ owó oṣù. Ní ti létà ìjẹ́rìí, ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó lọ. Àwọn tíṣà pẹ̀lú máa ń kó lọ síbòmíràn, ọ̀gá tuntun ò sì lè jẹ́rìí ẹni tí kò bá níbẹ̀.